Kí A Tó Wó Ilé Amọ̀ Baba Wa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jáde ní ilé-ìwé yìí ni ó ń gbé Bódìjà, Ring Road tàbí Challenge báyìí, ṣùgbọ́n ilé tí a bí àwọn baba wa sí ṣì wà ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà-Ọba. Ògiri rẹ̀ ń ya, òrùlé rẹ̀ ń jò, àwa ọmọ sì ń sọ pé kí a wó o, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé náà dáadáa kí a tó pè é ní àlàpà.

Amọ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, míṣọ́nárì ìjọ C.M.S., wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ sí Kúdẹ̀tì ṣì dúró. Ní ìlú Djenné ní Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá alámọ̀ tí wọ́n tún kọ́ ní 1907 kò wó, nítorí pé àwọn ará ìlú ń tún un rẹ́ lọ́dọọdún. Ògiri amọ̀ nípọn, kì í tètè jẹ́ kí ooru ọ̀sán wọlé. Omi ni ọ̀tá rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fi símẹ́ńtì líle rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Amọ̀ a máa fa ọ̀rinrin, a sì máa tú u jáde. Símẹ́ńtì ni ó ń sé e mọ́ inú. Bí símẹ́ńtì bá sán, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ògiri á rọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe ní ètò. Èkíní, kí ẹbí fẹnu kò, nítorí ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Èkejì, kí a pààrọ̀ igi òrùlé tí ikán ti jẹ, kí etí páànù yọ síta kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ má baà lu ògiri, kí a sì la gọ́tà tí yóò gbé omi jìnnà sí ìpìlẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a rọra ha símẹ́ńtì kúrò, kí ògiri gbẹ, kí a sì fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ dí ibi tí ó ya. Ẹ̀kẹrin, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná sí ẹ̀gbẹ́, kí páìpù omi má baà gba inú ògiri amọ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ sólà àti táńkì omi òjò kàn. Bí ògiri bá ti tẹ̀ tàbí tí ìpìlẹ̀ ti rì, kí a pe ẹnjiníà. Òun ni yóò sọ ibi tí ó yẹ kí a wó.

Bí apá kan yóò bá di títun, ẹ wo iṣẹ́ Demas Nwoko ní Ìbàdàn níhìn-ín. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí a pò mọ́ símẹ́ńtì ni ó fi mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice, ní Ítálì, nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí odi Jerúsálẹ́mù wó, Nehemáyà kọ́kọ́ yí i ká ní òru, ó sì wò ó, kí ó tó pe àwọn ènìyàn sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà ṣe kí a tó gbé òòlù. Kí Olúwa fi ìdí ilé gbogbo wa múlẹ̀. Àmín.