Aṣọ Òkìríkà àti Òṣùwọ̀n Òṣì

Ní ọjà Hédzranawoé, ní Lomé, kò sẹ́ni tó ń fi aṣọ òkìríkà tijú. Bí wọ́n bá ti já okùn béélì, olùkọ́, akọ̀wé àti ọmọ yunifásítì á pé lé e lórí, kálukú ń wá ṣẹ́ẹ̀tì tí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Èyí tó ti Yúróòpù wá ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Wọ́n á ní ó nípọn ju tuntun Ṣáínà lọ.

Ẹ jẹ́ ká bá aṣọ náà padà síbi tó ti wá. Eurostat, iléeṣẹ́ ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní àkójọ nǹkan 13 tó fi ń mọ ẹni tí àìní ń bá fínra. Ọ̀kan níbẹ̀ ni pé: ṣé agbára rẹ ká a láti fi aṣọ tuntun, tí kì í ṣe àlòkù, rọ́pò èyí tó ti gbó? Bàtà méjì tó bá ẹsẹ̀ mu wà níbẹ̀, ilé tó móoru, ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún lẹ́yìn odi ilé, àti kí èèyàn lè bá ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí jẹ tàbí mu lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká 7 nínú wọn, àìní tirẹ̀ ti le nìyẹn. (Ẹni tó kàn fẹ́ràn òkìríkà kò sí nínú ìṣirò yìí o, ẹni tí kò lówó tuntun ni wọ́n ń kà.)

Ará ọjà á rẹ́rìn-ín: ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀? Ṣùgbọ́n obìnrin tó yó nílé rẹ̀, tí ẹgbẹ́ dá aṣọ tí kò rówó san, tó wá ní orí ń fọ́ òun lọ́jọ́ òde, kí la fẹ́ pè é? Ohun tí Peter Townsend, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ní Britain lọ́dún 1979 kò jìnnà síyẹn: tálákà ni ẹni tí owó rẹ̀ kò lè gbé irú ayé tó wọ́pọ̀ láwùjọ rẹ̀.

Òṣùwọ̀n owó tún wà. Bí wọ́n bá to gbogbo ará ìlú láti orí ẹni tówó ń wọlé fún jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, owó ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an ni wọ́n ń wò. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó ìdá 60 nínú 100 rẹ̀, ewu òṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Èmi ò fọkàn tán an bí ó bá dá dúró. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Britain dẹnu kọlẹ̀, owó ẹni àárín já wálẹ̀ ní 2010 sí 2011, ìlà òṣì bá a wálẹ̀, iye ọmọ tálákà sì dínkù nínú ìwé láìjẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni kún sí i. Ní ti Eurostat, ó ń lo àkójọ 13 yẹn àti òṣùwọ̀n owó yìí pọ̀, ó sì fi ilé tí iṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n kún un: ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti ka èèyàn mọ́ àwọn tí ewu òṣì tàbí ìpatì láwùjọ ń bẹ lórí wọn.