Olómi-Òjò àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Igi àràbà ló fún Ìdí-Àràbà ní Èkó lórúkọ, kò sì sí ọmọ àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ṣùgbọ́n bi ọmọ kan náà léèrè igi kékeré olódòdó àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń gbìn ṣọgbà káàkiri Èkó, á ní fúláwà ni. Olómi-òjò ni. Nínú gbogbo ewéko olóró tó ń bá wa gbé ìgboro, òun ni mo kà sí èyí tó léwu jù, nítorí pé ọwọ́ ara wa la fi ń gbìn ín síwájú ilé.

Láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá sí ilẹ̀ wa. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Òdòdó rẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu, ó tín-ín-rín nídìí. Èso rẹ̀ ní igun. Ó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí kò tíì gbó, ó ń dúdú tó bá pọ́n. Kókó líle kan wà láàárín rẹ̀, inú kókó yìí ni irúgbìn tó burú jù wà. Ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun á máa kán. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í tètè pa á, ohun tí onílé ń wá gan-an nìyẹn.

Ọkàn ni oró rẹ̀ ń bá jà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa bì, inú á máa ṣu ú, lẹ́yìn náà lílù ọkàn rẹ̀ á lọ́ra, kò sì ní lọ déédéé mọ́. Ní Sri Lanka, níbi tí igi yìí ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé ìwòsàn, oògùn tí wọ́n ṣe fún ẹni tí digoxin bá pọ̀ jù lára rẹ̀ làwọn dókítà lò. Digoxin yìí, oògùn ọkàn ni, ara ewéko ni wọ́n sì ti rí òun náà.

Àwọn kan gbà pé ohun tó bá ní oje funfun tàbí tó bá korò ni májèlé. N kò fara mọ́ ọn. Oje ìbẹ́pẹ funfun, ewúro korò, oúnjẹ wa ni méjèèjì. Irúgbìn bọ̀tújẹ̀ ẹ̀wẹ̀ dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ọmọ tó bá jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì bì títí agara á fi dá a. Ẹyẹ pàápàá kì í ṣe atọ́nà, nítorí ohun tí ẹyẹ ń jẹ láìkú lè pa èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa mọ̀ wọ́n.

Ojú ológbò ń fà mọ́ igi mìíràn, irúgbìn rẹ̀ pupa fòò, ó dúdú níbi kan. Àwọn àgbà ń fi ewé rẹ̀ wo ikọ́. Irúgbìn yìí ló ní oró, pàápàá tí wọ́n bá rún un lẹ́nu. Lárà ń hù lórí ààtàn, irúgbìn rẹ̀ ní àbàwọ́n. Ricin, oró inú rẹ̀, ni wọ́n gbà pé ó pa Georgi Markov, òǹkọ̀wé ọmọ Bulgaria, ní London lọ́dún 1978. Irúgbìn kan náà yìí làwọn kan ń sè dáadáa, tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ títí á fi di ògìrì. Iná ló ń pa oró rẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀mu ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nítorí àwọn ọ̀dọ́. Òdòdó rẹ̀ gùn, ó funfun tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Èso rẹ̀ rí roboto, ó kún fún ẹ̀gún. Zakami ni àwọn Hausa ń pè é. Àwọn ọmọ ń wá a láti fi yó, ohun tí wọ́n sì ń bá ni ẹnu gbígbẹ, ọmọlójú tó fẹ̀, ara gbígbóná àti ìran tí kò sí. Atropine wà nínú rẹ̀, èyí tí dókítà fi ń gba ẹni tó gbé irú oògùn kòkòrò kan mì là. Ní ọgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn apoògùn ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára oró.

Bí ọmọ bá ti fi ọ̀kan nínú àwọn ewéko wọ̀nyí sẹ́nu, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun, ẹ má sì fi ìka mú un bì. Epo kì í pa oró, ó sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ já ẹ̀ka ewéko náà tewé teso sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ọkàn ni kí òun kọ́kọ́ so ẹ̀rọ mọ́.