Iná Ṣáájú Yìnyín: Bí Ewébẹ̀ Ṣe Ń Pẹ́ Nílé Létíkun Aráròmí

Títọ́jú ẹja kò ṣòro ní Aráròmí, létíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ayébáyé ni àwọn ìyá Ìlàjẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń yan án, tí èéfín yóò wọ̀ ọ́ dé egungun, tí yóò sì gbẹ débi pé ó lè rìn dé Ìbàdàn láìbàjẹ́. Gbágùúdá náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọn a rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi kan, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a ṣù ú róbótó, wọn a sì gbé e sókè iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí ó bá tó àkókò àtijẹ, wọn a ha èyí tó dúdú kúrò, inú rẹ̀ ni wọ́n á fi ro púpurú. Ibi tí òjò pọ̀, tí afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, iná ni àwọn baba ńlá wọn gbójú lé, kì í ṣe oòrùn.

Ewé ni kò gba iná bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yan ṣọkọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ewé ṣọ̀wọ́n létíkun. Iyanrìn àti àbàtà ni ilẹ̀ Aráròmí, omi iyọ̀ ò sì jìnnà sí i. Àgbọn a máa ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ò fẹ́ iyọ̀ nídìí. Òkè ni púpọ̀ nínú ewébẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ti ń wá, láti ìhà Òkìtìpupa àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí yóò gba ọjà Ìgbọ́kọ̀dá kọjá. Oòrùn á pa á lọ́nà, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, omi á ta sí i. Ìyá tó bá ra púpọ̀ gbọ́dọ̀ sè é lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò da ìdajì rẹ̀ nù. Èyí tó bá ra díẹ̀, láìpẹ́ ni yóò tún san owó ọkọ̀ mìíràn.

Ohun tó ń ba ewé jẹ́ kò fara sin. Ewé tí a já kò tíì kú. Ó ṣì ń mí, ó ń jẹ ṣúgà tó wà nínú ara rẹ̀, ó sì ń mú ooru jáde. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ inú àpò ẹ̀fọ́ tí wọ́n kì pinpin láti àárọ̀ yóò ti mọ ooru náà lára. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni yóò ṣe máa mí kíákíá tó, bí ó bá sì ti ń mí kíákíá ni yóò ti ń pọ́n, tí yóò sì ń rọ̀. Ohun tí a bá fẹ́ fi tọ́jú ewé gbọ́dọ̀ dá èémí yẹn dúró, tàbí kí ó dín in kù.

Ọ̀nà tó pẹ́ jù tí àwọn ará etíkun mọ̀ ni kí wọ́n sá ewé. Marúgbó ni àpẹẹrẹ tó dára jù, ewé tí àwọn Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Àpọ́ì àti Arógbò fi ń se ọbẹ̀ dúdú. Wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì wà nílé fún ìgbà pípẹ́. Adùn marúgbó kò sí nínú títutù rẹ̀. Òórùn rẹ̀ àti dúdú rẹ̀ ni a ń wá, gbígbẹ kò sì gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ ìyẹ̀fun ṣọkọ? Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí òjò bá ti dé, ewé tí a sá síta kì í gbẹ tán, èyí tí kò bá sì gbẹ tán a bu.

Àwọn ará òkè ọya rí ọ̀nà mìíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1990, olùkọ́ kan ní Jìgáwá, Mohammed Bah Abba, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò, gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi iyanrìn tútù dí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Bí omi inú iyanrìn ṣe ń gbẹ ni ó ń gbé ooru inú ìkòkò lọ. Ẹ̀fọ́ tí kì í kọjá ọjọ́ kan kí ó tó bàjẹ́ pé ọjọ́ 12 nínú rẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ilẹ̀ Haúsá ni ó gbé ìkòkò náà ró. Ní Aráròmí, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mu omi yó, omi ara ìkòkò ò sì ní ríbi gbẹ sí. Ẹni tó bá gbé e wá sétíkun yóò rí ìtura díẹ̀, kò ní rí ọjọ́ 12.

Ọgbọ́n tó bá etíkun mu, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ni ó ti jáde, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìlàjẹ mọ èyí. Ní ọdún 1912, ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, lọ ṣòwò awọ ẹranko ní Labrador, ilẹ̀ olótùútù kan tó ti di apá kan Kánádà báyìí. Ó ṣàkíyèsí àwọn Inuit tó ń pẹja níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fa ẹja jáde lábẹ́ yìnyín, afẹ́fẹ́ òtútù á sọ ọ́ di gbagidi lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí wọ́n bá yọ́ ọ tí wọ́n sì sè é, ẹja náà á dùn bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Birdseye rí i pé kíkíákíá yẹn gan-an ni àṣírí. Bí nǹkan bá ń dì díẹ̀díẹ̀, omi inú rẹ̀ a di yìnyín wóróworó ńlá tí yóò fa ara rẹ̀ ya. Bí ó bá yọ́, omi á tú jáde, yóò sì di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Bí ó bá dì kíákíá, wóró yìnyín náà a kéré, ara ohun náà a sì wà bó ṣe wà.

Nígbà tó padà sílé, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ oúnjẹ pẹlẹbẹ sáàárín irin tútù méjì. Ní ọdún 1929, wọ́n ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 22 dọ́là. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1930, wọ́n gbé oúnjẹ dídì síta fún títà ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ewébẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewé ṣe ohun tí ẹja ò ṣe. Ewé tí wọ́n dì ní tútù láìfi kan iná ń pa àwọ̀ dà nínú fírísà, ó sì ń rùn bí koríko gbígbẹ. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà nínú ewé, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, àwọn ni ó ń mú ewé dàgbà, tí ó ń mú un pọ́n, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìdọ̀tí. Òtútù ń mú kí wọ́n rọra ṣiṣẹ́ ni, kò pa wọ́n. Omi híhó ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń di ewébẹ̀ ti ń bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dì í.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Bíbọ̀ yìí ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Birdseye. Ẹ bọ ẹ̀fọ́, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ fún un, ẹ ṣù ú: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é fún ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tí wọ́n ṣù sì ṣì wà lórí àtẹ lọ́jà wa. Nítorí kíkorò, nítorí iyanrìn, àti kí ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lè wọ ìkòkò kan ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ náà bọ́ sí i fún fírísà láìjẹ́ pé ẹnì kan ronú rẹ̀. Àwọn tó ń ju ewé tútù sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń tì í bọ fírísà tààrà, ti fo ìdajì iṣẹ́ tí ìyá wọn kọ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dáadáa, ọjọ́ tí ewé bá dé ilé gan-an ni kí ẹ ṣe é. Ẹ ṣà á, ẹ yọ igi rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lómi púpọ̀ títí iyanrìn ò fi sí nísàlẹ̀ abọ́ mọ́. Ẹ gbé omi púpọ̀ kaná, bíi lítà mẹ́rin fún ìdajì kílò ewé. Bí omi bá kéré, ewé á pa ooru rẹ̀, kò sì ní tètè hó padà. Ìṣẹ́jú méjì tó fún tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti úgú, láti ìgbà tí omi bá ti tún hó. Kí omi tútù ti wà nítòsí, tí yìnyín bá wà nínú rẹ̀ ó dára jù, kí ẹ dà á sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ nínú ooru ara rẹ̀ ń sè é lọ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un gbẹ. Ẹ má ṣù ú róbótó bí ti ọjà o. Ìṣù a pẹ́ kí inú rẹ̀ tó dì, ẹ sì rántí ohun tí Birdseye rí ní Labrador. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ tò wọ́n káàkiri kí wọ́n fara kan ògiri fírísà. Bí wọ́n bá ti dì tán ni kí ẹ tó kó wọn léra. Bí òtútù bá dúró ní dìgíríì 18 sísàlẹ̀ òdo láìyẹsẹ̀, ewé á pé oṣù mẹ́jọ sí ọdún kan. Pẹ̀lú bí iná mànàmáná ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa, lójú tèmi, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má yọ́ ọ síta. Láti fírísà ni kí ó ti bọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó.

Kì í ṣe gbogbo ewé ni ó bá a mu. Gbúre kún fún omi jù. Ẹ jẹ ẹ́ ní tútù. Ewúro gbọ́dọ̀ ti gba fífọ̀ títí kíkorò rẹ̀ yóò fi dín kù. Lẹ́tíùsì kò ṣeé dì rárá. Ewédú ń ṣe dáadáa, àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè jẹ́rìí sí i: inú fírísà ilé ìtajà àwọn Lárúbáwá ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra ewé kan náà tó dì láti Íjíbítì, tí wọ́n ń pè ní molokhia. Marúgbó ní tirẹ̀ kò nílò fírísà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ti tó.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù, òun ni ó sì wúwo jù. Gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ó dunni, nítorí pé létíkun yìí kan náà ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Ìtàn ìlú náà sọ pé láti ọdún 1953 ni wọ́n ti ní iná tiwọn. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fírísà ń gbójú lé. Síbẹ̀, fírísà tó kún bámú, tí a ò ṣí, a máa mú òtútù rẹ̀ dúró fún wákàtí 48; èyí tó kún dé ìdajì a mú un dúró fún wákàtí 24. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rá omi kún àyè tó bá ṣófo, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bí iná bá dé tí ẹ ṣì rí yìnyín lára ewé, ó ṣeé dì padà. Bí ó bá ti rọ̀ tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á nù. Òtútù kì í pa kòkòrò àìsàn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láàárín ọdún 2015 sí 2018, àgbàdo dídì tó ní kòkòrò Listeria kó àìsàn bá ènìyàn 47, mẹ́sàn-án sì kú. Ẹ se ewé dídì jinná.

Ní Ówẹ́rì, Nnaemeka Ikegwuonu ti fi hàn pé ìyàrá òtútù tó ń lo oòrùn lè dúró láàárín ọjà, tí aláròóbọ̀ yóò máa sanwó lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ ni Ìgbọ́kọ̀dá nílò létí omi, níbi tí ewé ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Aráròmí. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti OSOPADEC, tó wà fún àwọn àgbègbè elépo rọ̀bì: bí ẹ bá ń ṣe ètò òtútù fún ẹja, ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́.