Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ọmọ tó ń yàwòrán kó tó máa sọ̀rọ̀

Lọ́dún 1974 ni wọ́n bí Stephen Wiltshire sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àwọn dókítà sọ pé ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí pẹ́ńsùlù bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ilé gogoro àti bọ́ọ̀sì ni yóò máa yà, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rí.

Ohun tó fẹ́ràn yìí ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kó ohun èlò ìyàwòrán pamọ́ fúngbà díẹ̀, kó lè béèrè. “Bébà” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ. Lọ́dún 2005, ó wo ìlú Tokyo láti inú hẹlikọ́pítà, ó sì fi ohun tó rántí yà á sórí bébà tó gùn tó mítà 10.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló ní irú ẹ̀bùn yìí o, ọmọ tí kò ní in kò sì kéré sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má dá ẹni tó ń pè é ní ẹmẹ̀rẹ̀ lóhùn. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò ná, torí àìgbọ́ràn náà lè fa ìdákẹ́. Fífi àwòrán bá a sọ̀rọ̀ kì í dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́. Ohun yòówù tó bá fẹ́ràn, ẹ jókòó tì í nídìí rẹ̀, kí ẹ máa dárúkọ ohun tó bá ń fọwọ́ kàn.