Píkọ́ọ̀pù Àlòkù: Tú-wíìlì Ni Kí Ẹ Rà Ni, Tàbí Fọ́ọ̀-wíìlì?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin alágbàtà èso oko, nígbà tí owó kòkó, ẹ̀pà tàbí sóyà bá wọlé dáadáa, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń kọ́kọ́ rò ni ọkọ̀ tí yóò máa kó ẹrù láti oko dé ibi ìwọ̀n. Agbára ọkọ̀ tuntun kò sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, nítorí náà tòkunbọ̀ tàbí àlòkù ni a ń wá. Bí ẹ bá sì dé ọgbà àwọn tí ń ta ọkọ̀, ìbéèrè tí wọn yóò tètè bi yín ni pé, "Ṣé tú-wíìlì ni ẹ fẹ́ ni, tàbí fọ́ọ̀-wíìlì?" Ìdáhùn tí ẹ bá fún wọn lè mú èrè ọdún púpọ̀ wá, ó sì lè sọ yín di onígbèsè. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí á jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.

KÍ NI ÌYÀTỌ̀ WỌN?

Nínú ọkọ̀ tú-wíìlì, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ni nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ píkọ́ọ̀pù. Ẹsẹ̀ iwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti darí ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ dáadáa, irú èyí ni. Nínú ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì, jíà mìíràn wà lẹ́yìn jíà gidi. Òun ni ó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti sí ẹ̀yìn nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Toyota Hilux kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1968, tú-wíìlì ni. Ọdún 1979 ni wọ́n tó ṣe fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀. Oríṣi méjèèjì ni ẹ óò bá pàdé lọ́jà àlòkù lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń há sínú ẹrọ̀fọ̀. Láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ̀rọ kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dífẹrẹ́ńṣà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan yára ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ tí kò rí ilẹ̀ dì mú, ẹsẹ̀ náà ni yóò máa yí lófo, tí èkejì tí ó wà lórí ilẹ̀ líle yóò sì dúró bí òkúta. Bí ó bá jẹ́ tú-wíìlì ni, ìrìn ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì, ẹsẹ̀ iwájú ṣì lè fa ọkọ̀ jáde. Ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ kan níwájú àti ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn bá jọ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó há. Gbogbo àṣírí fọ́ọ̀-wíìlì nìyí. Kì í ṣe idán.

Ó tún ní ipò kan tí a ń kọ 4L sí. Ipò yìí ń dín ìyára ọkọ̀ kù, ó sì ń sọ agbára rẹ̀ di púpọ̀. Ó dára fún gígun òkè tí ó ga gan-an, ó sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún sísọ̀kalẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì yóò máa di ọkọ̀ mú, bíréèkì kò sì ní gbóná jù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni kí ọkọ̀ tí ó ru ẹrù máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bíi ti Mambilla.

OHUN TÍ FỌ́Ọ̀-WÍÌLÌ KÒ LÈ ṢE

Èkíní, kò lè mú kí ọkọ̀ dúró kíákíá. Gbogbo ọkọ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ bíréèkì, ìbáà jẹ́ tú-wíìlì tàbí fọ́ọ̀-wíìlì. Awakọ̀ tí ó bá sáré lórí ọ̀nà tí ń yọ̀ nítorí pé fọ́ọ̀-wíìlì ni ó ń wà, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Èkejì, kò lè ṣẹ́gun gbogbo ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú kan wà ní ìhà Adágún Chad tí àwọn ará Borno ń pè ní firki. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ó ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà yóò fi dán bí ìkòkò tí a fi amọ̀ rẹ́. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò rì pọ̀; ohun tí ó yẹ ni kí á dúró kí ilẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀kẹta, nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, a kò gbọ́dọ̀ fi sí fọ́ọ̀-wíìlì lórí títì ọlọ́dà tí ó gbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrọ̀fọ̀, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, wàhálà yóò sì tán. Lórí ọ̀dà, táyà kò lè yọ̀. Ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn jà, títí jíà yóò fi bàjẹ́.

Ọ̀NÀ OKO YÍN ÀTI ÌGBÀ ÌKÓRÈ YÍN

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹ tó yan ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà yín wò. Ohun tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni bí ọ̀nà náà ti rí ní ìgbà tí ẹrù yín fẹ́ jáde.

Ẹ wo àgbẹ̀ kòkó tí oko rẹ̀ wà ní agbègbè Ikom, ní ìpínlẹ̀ Cross River. Kòkó ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ gidigidi níbẹ̀. Kòkó tí ó ti gbẹ dáadáa kò gbọ́dọ̀ ní omi tí ó ju ìpín 8 nínú 100 lọ nínú, nítorí bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èébu yóò mú un. Bí ọkọ̀ bá há mọ́ ọ̀nà ní òru kan, tí òjò sì wọ abẹ́ tapólì, kòkó tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sá lè di èyí tí olùyẹ̀wò yóò kọ̀. Fún irú àgbẹ̀ yìí, fọ́ọ̀-wíìlì kì í ṣe fáàrí.

Nísinsìnyí, ẹ wo àgbẹ̀ ẹ̀pà ní ìhà Kano. Òun náà lè ní ọ̀nà tí ó burú nínú òjò. Ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró ní òpin oṣù Kẹsàn-án tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n ń hu ẹ̀pà. Nígbà tí ẹ̀pà bá ti gbẹ tán tí ó tó kó lọ sọ́jà, ilẹ̀ ti le. Tú-wíìlì tí ó lágbára, tí táyà rẹ̀ sì dára, ti tó o. Bí ó bá ra fọ́ọ̀-wíìlì, yóò máa gbé irin tí kò lò kiri ní gbogbo ọdún.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ní ọdún kan gbáko, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò lè dé oko yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bóyá ẹrù wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí àwọn ọjọ́ náà kò bá pọ̀, tàbí bí wọn kò bá bọ́ sí ìgbà tí ẹrù wà, ẹ ra tú-wíìlì. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan tàbí méjì péré ni ọ̀nà ti burú, ẹ rò ó bóyá kí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù yín dáwó, kí ẹ gbẹ́ kòtò omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì kó òkúta sí ibẹ̀. Ọ̀nà tí a tún ṣe yóò ran gbogbo abúlé lọ́wọ́. Fọ́ọ̀-wíìlì ẹnì kan, òun nìkan ni yóò ràn lọ́wọ́.

ÌṢIRÒ ẸRÙ ÀTI OWÓ

Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé kìlógíráàmù 1,000 ni ó lè rù, awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà nínú iye náà. Bí àwọn méjèèjì bá wọn kìlógíráàmù 150, ó ku 850. Àpò kòkó tí ó wọn kìlógíráàmù 64, mẹ́tàlá ni yóò gbà, nítorí 13 lọ́nà 64 jẹ́ 832. Àpò ogún tí ẹ ń rí lórí àwọn ọkọ̀ kan, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ irin.

Fọ́ọ̀-wíìlì wúwo ju tú-wíìlì irú rẹ̀ lọ, nítorí jíà kejì, dífẹrẹ́ńṣà iwájú àti ṣáàfù iwájú tí ó wà lára rẹ̀. Ó ń jẹ epo jù ú lọ, yálà a fi í sí fọ́ọ̀-wíìlì tàbí a kò fi í sí i. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù dúró, kò sí onímọ́tò tí kò mọ ohun tí lítà kan túmọ̀ sí nínú èrè rẹ̀. Epo jíà tí ẹ óò máa pààrọ̀ pọ̀ sí i, ohun tí ó lè bàjẹ́ sì pọ̀ sí i. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ẹ kò lè fi táyà ńlá sẹ́yìn kí ẹ fi kékeré síwájú, bí kò bá ṣe pé ẹ fẹ́ kí jíà náà fọ́.

BÍ Ẹ BÁ LỌ YẸ ỌKỌ̀ WÒ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán dání, kí ẹ sì ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ má ṣe gba àmì "4x4" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ gbọ́, ẹ má sì ṣe fi gíga ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí. Toyota Tacoma tí a ń pè ní PreRunner, tí ó ń ti Amẹ́ríkà wá, ga bíi fọ́ọ̀-wíìlì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí.

2. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ wò ó bóyá ṣáàfù iwájú ṣì wà níbẹ̀. Bí jíà iwájú bá ti bàjẹ́, ẹlòmíràn a máa yọ ṣáàfù náà kúrò kí ọkọ̀ lè máa rìn. Ẹ wo ṣásì pẹ̀lú, bóyá wọ́n ti jó o pọ̀, bóyá ó wọ́, tàbí bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́.

3. Ẹ wo àwọn rọ́bà tí ó bo oríkèé ẹsẹ̀ iwájú. Bí wọ́n bá ti ya, yanrìn ti wọlé, owó ńlá sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

4. Ẹ ní kí á tú epo jíà àti epo dífẹrẹ́ńṣà díẹ̀ jáde. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti la odò kọjá.

5. Ẹ wa ọkọ̀ náà lórí yanrìn tàbí koríko, kì í ṣe lórí ọ̀dà. Ẹ fi sí 4H, ẹ rìn díẹ̀. Ẹ dúró pátápátá, ẹ fi sí 4L, ẹ tún rìn. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ó ń han tàbí ó ń ta. Ẹ dá a padà sí tú-wíìlì. Bí ó bá lọ́ra, ẹ fi rìn sẹ́yìn díẹ̀. Bí kò bá kúrò síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

6. Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣásì wé ti inú ìwé, kí ẹ sì béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de gbígba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé, ẹrù ẹlòmíràn ni ẹ fi owó yín rà.

BÍ Ó BÁ JẸ́ TÚ-WÍÌLÌ NI Ẹ RÀ

Ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ra èyí tí kò dára. Ọkọ̀ tú-wíìlì tí ó ṣófo máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń yọ̀. Bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n, ẹ tò ó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, kì í ṣe sí ìdí pátápátá. Yóò di ilẹ̀ mú. Ẹ ra táyà tí àpá rẹ̀ jinlẹ̀. Lórí yanrìn, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré. Ẹ máa gbé ṣọ́bìrì, pákó méjì, okùn líle àti tapólì tí kò lu dání nígbà gbogbo. Awakọ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ẹrọ̀fọ̀ kí ó tó kó ọkọ̀ sí i, ó sàn ju fọ́ọ̀-wíìlì tí aláìbìkítà ń wà lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ọkọ̀ kì í ṣe oyè tí a fi ń hàn ní ìlú. Irin iṣẹ́ ni, bí àdá àti ọkọ́. Bí ìwé kékeré yín bá fi hàn pé òjò ń dí yín lọ́nà nígbà tí ẹrù wà nílẹ̀, ẹ ra fọ́ọ̀-wíìlì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ hàn, ẹ ra tú-wíìlì tí ó dára, kí ẹ sì fi owó tí ó ṣẹ́ kù ra táyà, tapólì àti oògùn kòkó. Ẹni tí ó bá ra ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè, ẹrù rẹ̀ yóò dé ibi ìwọ̀n ní gbígbẹ, owó rẹ̀ yóò sì pé.