Dókítà Ẹbí àti Àrùn tí a ń pè ní Kògbóògùn

Orúkọ tí a fún éèdì, àrùn kògbóògùn, ń pa àwọn aláìsàn lára. Ó yẹ ẹ́ ní 1986 tí a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn tí ń tẹ kòkòrò HIV rì ti wà, ìjọba àpapọ̀ wa sì gbé ètò ìtọ́jú rẹ̀ kalẹ̀ ní 2002. Ẹni tí kò bá pa oògùn rẹ̀ jẹ, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún oṣù 6, kò ní fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ibí ni iṣẹ́ dókítà ẹbí wà. Ibà ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ni ó ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò fura sí ẹni tí ó wọlé tọ̀ ọ́? Òun ni yóò ṣọ́ ikọ́ ife, tí yóò sì béèrè àgbo tí aláìsàn ń mu pẹ̀lú oògùn.

Àṣírí ni ó ṣòro jù. Bí ìyàwó bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ má sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi”, bàbá náà sì jẹ́ aláìsàn rẹ̀ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kò gbọdọ̀ sáré tú u fó. Kí ó máa rọ obìnrin náà títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.