Ṣé irúgbìn Monstera aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń polówó lórí ayélujára lè hù nínú ilé yín? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé

Àhesọ: Àwọn ìpolówó kan lórí ayélujára ń sọ pé ẹni tó bá ra irúgbìn Monstera máa rí òdòdó tí apá kan ewé rẹ̀ funfun báláú, tàbí èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù.

Àbájáde ìwádìí: Aṣinilọ́nà ni. Kí ẹ̀yin tó wà ní Abidjan tó fi owó CFA yín ránṣẹ́, ẹ ka àlàyé yìí.

Ṣé irúgbìn lè mú ewé funfun jáde?

Gúúsù Mẹ́síkò títí dé Pánámà ni Monstera deliciosa ti ṣẹ̀ wá, àwọ̀ ewé lásán ló sì máa ń ní níbẹ̀. Àyípadà tó ṣẹlẹ̀ nínú ara igi náà ló fa àwọ̀ funfun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Irúgbìn kì í sábà gbé irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó ní oríkèé ni wọ́n máa ń gé gbìn, bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́. Irúgbìn Monstera kì í sì í pẹ́ kú tó bá ti gbẹ. Èyí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá, ó ṣòro kó hù. Ní ti aláwọ̀ búlúù, kò sí irú rẹ̀ láyé.

Báwo lẹ ṣe máa tọ́jú ojúlówó?

Apá tó funfun kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún igi. Ẹ gbé e sítòsí fèrèsé tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọ̀sán má ràn sí i tààrà, torí apá funfun ló máa ń kọ́kọ́ jóná.

Omi àpọ̀jù ló sábà máa ń pa á. Abidjan wà lẹ́bàá ọ̀sà, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ rẹ̀. Tí òkè bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín. Kí ìdí ìkòkò ní ihò. Ẹ má gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù, ó máa ń jẹ́ kí etí ewé gbẹ.

Ṣé ó léwu fún ọmọdé?

Ó léwu díẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ pé Dieffenbachia, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ń pa ọmọ láàárín ìṣẹ́jú kan kì í ṣe òótọ́. Ẹbí kókò ni àwọn méjèèjì. Ohun tó ń mú kí kókò tí kò jinná yún èèyàn lọ́fun náà ló wà lára wọn. Tí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ lè máa ta á, kó sì wú. Ẹ yọ ewé náà kúrò, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ má fipá mú un bì. Tí kò bá lè mí dáadáa tàbí gbé nǹkan mì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àkótán

Ẹ má ra irúgbìn yìí. Ẹ ra èyí tó ti ní ewé àti gbòǹgbò, tí ẹ fojú ara yín rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti ní tó o.